Ìrèké Wà Lẹ́yìnkùlé, Pierina Lọ Ra Oyin

Láti òwúrọ̀ ni Pierina ti wà nídìí epo gbígbóná, tó ń dín kírósítólì, ìpanu pẹlẹbẹ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Oòrùn ìlú Ingham ti mú, ewé ìrèké tó yí ilé ká kò mì rárá, àmọ́ àárẹ̀ kò mú Pierina. Chiara, ọmọ ọmọ rẹ̀, ń bọ̀ láti Brisbane.

Nígbà tí ọmọ náà wá kẹ́yìn, ó ní òun ò jẹ ohun tó bá ti ara ẹ̀dá abẹ̀mí wá mọ́. Pierina bínú, ó ní ṣé oúnjẹ òun ló ti di májèlé. Chiara fi ebi lọ, kò sì padà wá láti ìgbà Kérésìmesì. Ẹ̀rù ń ba ìyá náà pé bí tòní bá tún bàjẹ́, ó lè má wá mọ́.

Nítorí náà, kò fi ẹyin sí i, kò fi bọ́tà sí i. Omi ọsàn àti òróró ló fi po ìyẹ̀fun. Bó ṣe fẹ́ bu ṣúgà wọ́n ọn ni Noelene, aládùúgbò rẹ̀ tó mọ ọ̀rọ̀ Chiara, wọlé.

"Pierina, o fẹ́ ba nǹkan jẹ́! Ṣé o ò gbọ́ pé egungun màlúù ni wọ́n fi ń sọ ṣúgà di funfun?"

"Egungun kẹ̀? Ìrèké tí ọkọ mi gbìn títí ó fi kú?"

"Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ. Oyin ni kó o lò. Ṣebí inú òdòdó ló ti ń wá."

Pierina ti ṣúgà sẹ́yìn, ó sáré lọ ra oyin, ó sì dà á sórí gbogbo rẹ̀.

Chiara dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, Tess, tó jẹ́ onímọ̀ nípa oúnjẹ. Chiara mú ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

"Nonna, oyin ni." Nonna ló máa ń pe ìyá àgbà rẹ̀.

"Oyin ni! Kò sí ẹyin, kò sí bọ́tà, kò sí egungun. Kí ló tún kù?"

"Nonna, ẹ jókòó," ni Tess wí. "Ẹ gbìyànjú gan-an. Àmọ́ kòkòrò ló ń ṣe oyin, oúnjẹ tiẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí Chiara kì í fi í lá a. Òótọ́ ni pé àwọn iléeṣẹ́ kan lókè òkun ń fi èédú egungun sẹ́ ṣúgà. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn tó ṣe tiyín."

Ó pe nọ́ńbà tó wà lára páálí ṣúgà náà. Wọ́n ní àwọn kì í lo egungun rárá.

Pierina yíjú sí Noelene. "O ò ṣe kúkú pa mí! Gbogbo olóyin yìí, ìwọ lo máa jẹ ẹ́ tán."

"Irú ìyà yìí ò burú," ni Noelene wí. Ẹnu rẹ̀ ti kún.

Pierina dín òmíràn, ó bu ṣúgà wọ́n ọn. Chiara jẹ, ó tún bù sí i. "Nonna, àárò èyí ti sọ mí gan-an." Inú ìyá náà dùn débi pé ó sunkún.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnì kan nílé yín kò bá jẹ ohun tó ti ara ẹ̀dá abẹ̀mí wá, ẹ má fi oyin sí oúnjẹ rẹ̀. Omi ìrèké tí wọ́n sè tó ki wà, dábínò lílọ̀ wà, ṣúgà àgbọn náà wà. Bí ṣúgà funfun bá ń kọ yín lóminú, ẹ bi iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ibi yòówù kí adùn ti wá, ẹ jẹ ẹ́ níwọ̀n, nítorí ṣúgà ni gbogbo wọn nínú ara.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bi ẹni tó máa jẹ ẹ́. Chiara ì bá ti ṣàlàyé fún Pierina lórí fóònù, ìbínú ni kò jẹ́ kí Pierina pè é. Ní báyìí, Pierina máa ń pè é kó tó gbé epo kaná.