Ibi Tí Ìyá Àdúrà Kúnlẹ̀ Sí

Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn káfíńtà ń fá pákó àjà ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo ṣàkíyèsí pé ibi tí Ìyá Àdúrà máa ń kúnlẹ̀ sí kò ní àmì orúnkún kankan. Eruku pákó bo gbogbo ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, àmì orúnkún àwọn yòókù máa ń hàn kedere, títí kan ti bàbá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó máa ń sùn lórí ìkúnlẹ̀.

Èmi ni mò ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ọdún kọkànlá rèé. Kò sí ibi tí kì í dùn mí lára mọ́. Mo ní ó ti rẹ̀ mí ni, ojú mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sẹ́yìn, mo ń ṣọ́ Ìyá Àdúrà. Odidi wákàtí kan ló fi kúnlẹ̀, ohùn rẹ̀ ń mi fèrèsé, ó sì ń fi igun ojú wo àwọn tó ń wò ó. Nígbà tó dìde, eruku ibẹ̀ dúró bí ẹni pé èèrà kò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀rù bà mí.

Òun gan-an ni mo bẹ̀ kó gbàdúrà fún ọmọ mi. Télọ̀ ni ọmọ mi. Ojú rẹ̀ ti ṣú débi pé kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Ọjọ́bọ̀.

Ní Ọjọ́rú, mo fa ìyá náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ẹ wo ibi tẹ́ ẹ kúnlẹ̀ sí."

Ó wò ó. "Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mà."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìkúùkù tẹ ihò méjì sínú eruku náà. Lójú àwa méjèèjì, ihò náà rọra kún padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún kún.

"Mi ò rántí ìgbà tí mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn," ló sọ, jẹ́jẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ó wá ku èmi nìkan láti gbàdúrà fún ọmọ mi. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ọkọ ọmọ mi ló tẹ̀ lé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo làwọn máa gbà wọlé. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò láti ilé pòórá.

"Olúwa, ó ti rẹ̀ mí," ni mo wí. "Má bínú. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbá ilé Rẹ, mi ò kí Ọ rí." Mo sunkún.

Bí mo ṣe dìde, ọrùn mi fẹ́ yí padà kí n wo àmì tèmi. Mo kọ̀. Bí mo bá wò ó, a jẹ́ pé àmì ni mo kúnlẹ̀ fún. Mo di ojú pinpin, mo mú ìgbálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ibẹ̀.

Ìgbálẹ̀ náà kan ẹsẹ̀ ẹnì kan.

N kò gbọ́ kí ilẹ̀kùn ṣí. Mo mọ̀ pé Ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ló dé. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo dojú bolẹ̀, ojú mi ṣì wà ní dídì. Fóònù inú àpò mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọkọ ọmọ mi ni. Mo mọ orin tí mo fi sí nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ọmọ mi ló fẹ́ sọ. Ó dún, ó dún, títí ó fi dákẹ́, n kò sì gbé ọwọ́ mi kúrò nílẹ̀.