Abọ́ Gbígbóná ní Wákàtí Àdúrà

Orí àpò kókò ni Sakaio jókòó sí nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ láti ìlú ńlá Apia, lọ́jọ́ tí Fuatino kọ́kọ́ rí i. Afẹ́fẹ́ òkun ti da irun rẹ̀ rú. Ó ń jẹ panikeke, àkàrà dídùn tí Fuatino ń tà fún àwọn èrò, ó sì ń rọra jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣèdájọ́.

"Àgbọn ò tó nínú ẹ̀," ló wí.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá alásè. Ẹ dá a padà kí n fi sí i."

Sakaio wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti jẹ ẹ́ tán. Fuatino bú sẹ́rìn-ín, nígbà tí ọkọ̀ sì fi máa gúnlẹ̀ ní Savaii, erékùṣù wa, ó ti gbọ́ pé alásè ni ọkùnrin náà ní ilé ìtura kan ní Apia, pé iṣẹ́ abẹ́ ọ̀gá ti sú u, àti pé kò tíì láya.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra wọn sọ́nà nìyẹn. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé oúnjẹ kékeré kan sí etí títì abúlé wa. Ilé tí àwọn oníbàárà á ti máa jẹun wà níhìn-ín, ààrò òkúta gbígbóná wà ní òdìkejì títì. Ẹni tó bá kọ́lé pẹ̀lú ìfẹ́ lójú kì í rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù ni ìyọ̀ǹda Olóyè Tuiasau, bàbá Fuatino. Òun ló ń fọn ìkarahun òkun nírọ̀lẹ́ láti pe àdúrà. Tó bá ti dún, kálukú á jókòó síbi tó bá a, títí àdúrà á fi parí tí yóò tún un fọn. Ẹni tó bá rìn, ẹlẹ́dẹ̀ ni yóò fi tanràn.

"Ọmọ Apia ni," Olóyè sọ fún ọmọ rẹ̀. "Wọn ò jókòó fún Ọlọ́run níbẹ̀, ṣé èmi ni wọ́n máa wá jókòó fún? Mi ò ní fọmọ mi fún un."

Fuatino sunkún. Kò sì jáwọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílé oúnjẹ náà, ọkọ̀ àwọn àlejò òkè òkun pẹ́ kó tó dé. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ kí wọ́n tó ṣí ààrò. Sakaio fi àkísà gbé abọ́ irin gbígbóná tó kún fún ewé kókò alómi àgbọn, ó sì dé àárín títì nígbà tí ìkarahun dún.

Àwọn àlejò ń wò ó. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló kù. Fuatino fọwọ́ bo ẹnu lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé bí Sakaio bá gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ìgbéyàwó ti tán.

Sakaio jókòó sí àárín títì. Kò gbé abọ́ sílẹ̀, nítorí ajá abúlé wa kì í gbàdúrà. Ó gbé e ka itan. Àkísà náà tín-ín-rín, àdúrà sì gùn. Ó ń lagùn, ó ń payín keke, ṣùgbọ́n ó ṣe àmín pẹ̀lú wa.

Nígbà tí ìkarahun tún dún, Olóyè rìn wá bá a.

"Kí ló dé tí o ò kọjá wọlé?"

"Ẹ ti fọn ọ́n, Bàbá."

"Kí ló wá dé tí o ò gbé e sílẹ̀?"

"Ajá ni, Bàbá."

Olóyè wo àwọn ajá. Ó wo itan ọmọkùnrin náà. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ́ ló ń gbóúnjẹ fún olóyè, olóyè kì í gbé e fún ọ̀dọ́. Ó tẹ̀ ba, ó fa àkísà náà gbà, ó sì gbé abọ́ wọlé fún àwọn àlejò fúnra rẹ̀.

"Fuatino!" ó pariwo láti inú ilé. "Wá òróró àgbọn fún ọkọ rẹ, kó fi ra itan!"

Fuatino sáré mú un wá. Omi wà lójú rẹ̀.

"Ṣé ó ń ta ọ́?"

"Rárá o."

"Irọ́ ńlá!"

"Olólùfẹ́ mi," ni Sakaio wí, "Bàbá ti pè mí lọ́kọ ẹ. Ta ló tún ń rántí itan?"