Onímọ̀ Irúgbìn Tó Padà sí Dedza

Ẹ̀yin ará mi tó ń ka ìwé yìí, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó ń rọ òjò sórí òkè Dedza wa, tó sì fún àwọn ọmọ wa ní ọgbọ́n.

Eyín funfun ni Limbikani kọ́kọ́ rí. Ọmọbìnrin kan dúró láàárín oko ìdánwò ìjọba, ó fi eyín gé hóró ẹ̀wà sí méjì, ó tu ú dànù, ó sì mi orí. Ó rẹwà bí òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò.

"Arábìnrin, irúgbìn ìjọba lẹ ń jẹ yẹn o!" ni Limbikani, onímọ̀ irúgbìn láti Lilongwe, olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa, wí.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n?"

"Mo wọ̀n ọ́n. Ìlọ́po méjì tiyín ló ń so."

"Ṣé ẹ ti sè é?"

"Rárá, n kò sè é."

"Háà! Ọdún mẹ́ta lẹ fi ń wọn ẹ̀wà, ẹ ò sè é lẹ́ẹ̀kan! Igi inú igbó wa ni yóò jẹ tán kó tó rọ̀."

Zinenani ni orúkọ rẹ̀. Ó gbé e kaná lójú Limbikani. Oòrùn kúrò ní àtàrí, ó wọ̀, ẹ̀wà kò rọ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìdí ààrò yẹn ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá Kamphale, ẹ̀gbọ́n ìyá Zinenani, tí àṣà wa fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ sí lọ́wọ́, kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí Limbikani wá tọrọ rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn onímọ̀ ti kó irúgbìn wa lọ, a ò gbúròó wọn mọ́. Ó wá kan ọmọ wa báyìí?"

"Kí ni kí n ṣe, bàbá?"

"Ohun tí ẹ bá rí nílẹ̀ wa, ẹ mú un padà wá fún wa."

Limbikani bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí àwọn obìnrin abúlé máa bá wọn yan irúgbìn, kí wọ́n sì máa ka iye igi tí ẹ̀wà ń jẹ. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín: "Ṣé ìdáná lo lọ kọ́ ní yunifásítì?" Kò yẹsẹ̀. Odidi ọdún méjì ló fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà. Òun, Zinenani àti àwọn ìyá abúlé wá se oríṣi ẹ̀wà mọ́kànlá, wọ́n sì rí ọ̀kan tó ń so dáadáa, tó sì ń tètè rọ̀.

Lẹ́yìn ìkórè, Limbikani dé pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ àgbà. Ó ka àbájáde náà ní èdè wa, ó pe orúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá náà ní láti ọjọ́ náà lọ, irúgbìn kan kò ní jáde lọ́fíìsì àwọn láìjẹ́ pé àwọn obìnrin ti sè é. Orí wa wú. Ilé wa ni ìmọ̀ yìí ti hù!

Bàbá Kamphale dìde. "Zinenani, ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kó tún lọ o."

Ní Sátidé, ìdílé méjèèjì fi àkùkọ àti àgbébọ̀ fún ara wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìgbéyàwó wa, ìjọ sì kọ orin ìyìn.

Ìwọ òǹkàwé, ohun rere tó ti ọwọ́ rẹ jáde, Olúwa yóò mú un padà wálé fún ọ pẹ̀lú ìbísí. Àmín.