Ààyè Ọwọ́ Ọlámipọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní arúgbó òpùrọ́. Ohun tí mo kọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, ojú mi méjèèjì sì là sílẹ̀.

Òkìtì kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Àmúwò, nítòsí ẹ́sítéètì Raji Rasaki. Inú rẹ̀ ni wọ́n sin àwọn baba ńlá wa sí kí ìjọba tó kọ́lé kankan síbẹ̀. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti jẹ ẹ́ wálẹ̀, gbogbo alààyè inú ẹbí á bu erùpẹ̀ lé e, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. A ó fi ààyè sílẹ̀ fún ọwọ́ ẹni tó bá wà lájò. Lẹ́yìn náà, èmi olórí ẹbí á pe orúkọ àwọn tó kú lọ́dún náà. Ẹni tí a bá ti pè níbẹ̀, a kì í fi ààyè sílẹ̀ fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọlámipọ̀ ọmọ mi gba Líbíà lọ sókè òkun. Wọ́n ní ọkọ̀ wọn rì sínú òkun. A kò rí òkú. Ọdọọdún ni mò ń fi ààyè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́dún yìí, Tàwàkálítù àbúrò mi mú Hameedah ọmọ rẹ̀ dání.

"Èékánná gígùn yìí ńkọ́? Ṣé o fẹ́ fi họ àwọn baba wa lára ni?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fíìsì ẹ̀ ni."

Tàwàkálítù rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe ọmọ yẹn."

"N kò ní pè é."

"Ibo lẹ fẹ́ kó sùn? Orí kunkun yín ò lè gbé e wálé."

"Ṣé o rí òkú rẹ̀?"

Ó bú sẹ́kún.

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dákẹ́. Ariwo ọkọ̀ ní Apple Junction dákẹ́. Ẹyẹ kan kò ké.

"Bàbá," Hameedah sọ, "ẹ wò ó."

Àtẹ́lẹwọ́ kan wà ní ààyè tí mo fi sílẹ̀. Tiwa wọnú erùpẹ̀. Èyí yọ síta, bí ẹni pé láti inú ni wọ́n ti tì í. Omi ń sun lára rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀.

"Ó ti dé," Tàwàkálítù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ pè é, ẹ jọ̀ọ́."

Mo gbé ọwọ́ mi lé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó rẹ̀ mí, mo la ẹnu láti pè é.

Àwọn ìka náà ká. Wọ́n di tèmi mú pinpin.

Mo pa ẹnu dé. Wọ́n tú mi sílẹ̀.

Tàwàkálítù ní ó dágbére ni. Èmi ní ó ní kí n dúró de òun.

Mo ń dúró.