Ohun Tí Mo Wá Ṣe Nílé Hinalagi

Orí àkàbà ni mo wà, tí mo ń fi òòlù yọ ìṣó lára páànù ilé ẹlòmíì, nígbà tí obìnrin kan kí mi láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ẹ ṣeun." Ẹnu mi ti dáhùn kí ọkàn mi tó mọ̀ pé wàhálà dé.

"Ṣé ilé yín ni?"

Mo bojú wolẹ̀. Obìnrin kan tó ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún ló dúró láàárín koríko, àpò ìrìnàjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Fìlà ewé tí wọ́n ń hun níbí ní erékùṣù Niue ló dé, ṣùgbọ́n bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ti Auckland lókè òkun ni. Mo dá imú rẹ̀ mọ̀. Imú Akọ̀wé Hetu ni, ẹni tó kọ́ ilé náà kí wọ́n tó bí bàbá mi.

"Rárá," ni mo wí.

"Ó dáa. Ilé tèmi ni. Ẹ rọra máa sọ̀ kalẹ̀. Mi ò fẹ́ sìnkú olè lọ́jọ́ tí mo dé."

Díákónì ni mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n bá nídìí ìkòkò ẹran. Mo sọ fún un pé Talaiti ni orúkọ mi. Ó ní Hinalagi ni tòun, ó sì na ọwọ́ sí mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, pé ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ní abúlé wa, ilé tó ṣófo pọ̀ ju ilé tí èèyàn ń gbé lọ. Àwọn onílé wà ní Auckland, wọ́n sì máa ń ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wálé lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ilé ẹni tí kò sí nílé dà bí ẹni tó sùn, a kì í sì í bọ́ aṣọ lára ẹni tó sùn. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí èmi náà sì ṣe kọ́ Manogi ọmọ mi nìyẹn.

Àmọ́ mo ti bọ́ ọ rí. Nígbà tí Losa ìyàwó mi ń ṣàìsàn tó pa á, ìjì ká páànù yàrá wa lọ, omi òjò sì ń kán sórí ibùsùn rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù wá kò tíì dé. Mo gbé àkàbà lọ sílé Hetu, mo ká páànù aláwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀, mo fi bo orí ìyàwó mi. Losa bi mí pé, "Páànù ta nìyí?" Mo ní, "Wọ́n fún mi ni." Abẹ́ rẹ̀ ló kú sí. Kò tíì pé ọdún kan tí a sin ín nígbà tí Hinalagi bá mi lórí òrùlé rẹ̀. Ilé ìdáná ni mo fẹ́ bò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ti jalè lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì kì í wúwo mọ́.

Hinalagi ṣílẹ̀kùn. Mo tẹ̀ lé e wọlé, torí pé mi ò mọ bí mo ṣe lè bá ẹsẹ̀ mi lọ. Nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí mo ti ká páànù àkọ́kọ́, ojú ọ̀run hàn gbangba. Àpótí onípákó kan wà lábẹ́ ihò náà gẹ́lẹ́. Ó ṣí i. Ìwé ló kún inú rẹ̀: ìwé ìpàdé abúlé láti ayé Hetu, bàbá bàbá rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí, orúkọ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wọkọ̀ lọ sógun àwọn òyìnbó, àti orúkọ àwọn tó padà bọ̀. Àwọn tó wà lókè ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ tutù, ara wọn sì ti ń hu funfun.

Ó gbójú sókè wo ihò náà, ó wò mí, ó tún wo ihò náà.

Òjò tó yẹ kó máa kán sórí ìyàwó mi ló ti ń kán sórí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá bàbá rẹ̀.

"Mo máa ràn yín lọ́wọ́," ni mo wí.

"Ta ló bi yín bóyá ẹ fẹ́?"

Mo sáré lọ gbé ẹní wá. Mo tẹ́ ẹ sójú oòrùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé sórí rẹ̀. Ó pariwo láti inú ilé.

"Bàbá! Ṣé ẹja ni? Ẹ kó o kúrò lóòrùn!"

"Oòrùn la fi ń gbẹ nǹkan níbí."

"Ìwé á gbẹ, ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ náà á sì gbẹ dà nù. Ibòji ni, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ṣé ẹ láṣọ funfun tó mọ́?"

Ilé ìkàwé kan ló ti ṣiṣẹ́ ní Auckland, nínú yàrá tí wọ́n ti ń tún ìwé tó ti gbó ṣe. Ní tèmi, aṣọ funfun tó mọ́ tí mo ní kò ju aṣọ ibùsùn Losa lọ. Mi ò tíì ṣí àpótí tí wọ́n wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo ṣí i. Mo kó wọn fún obìnrin tí mo jà lólè.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lẹ́nu rẹ̀ náà ni mo sì ti sọ fún un nípa Losa àti páànù. Ó máa ń fi ọbẹ pẹlẹbẹ ya ojú ìwé kúrò lára ara wọn, bí ẹni ń bó awọ ara ẹni tí iná jó. Èmi á tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀, màá tẹ́ òmíràn lé e. Tó bá ti gbẹ, ó máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn èéhù rẹ̀ dànù. Àmọ́ kò lè kà á. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un kúrò ní Niue, ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ sì le fún un. Èmi ni mò ń kà á sí i létí.

"'A pàṣẹ pé kí Paulo mú adìyẹ wá, nítorí pé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sùn síwájú pẹpẹ.'"

"Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ń wá Ọlọ́run," ni ó wí. "Ó sàn ju díákónì tó ń wá páànù lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀rín ara mi bà mí lẹ́rù, ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò bá sí nítòsí, "Bàbá Páànù" ló ń pè mí. "Bàbá Páànù, ẹ wá jẹun." "Bàbá Páànù tèmi, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà." Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Hina. Ó máa ń gbé kókò àti ìbẹ́pẹ tó fi wàrà àgbọn sè sínú ewé síwájú mi, á wá jókòó máa wò mí títí màá fi jẹ ẹ́ tán.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ojú sì tì mí. Sàréè Losa wà níwájú ilé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bí ó ṣe rí ní gbogbo ilé wa. Mi ò lè dé ilé Hinalagi láìkọjá níbẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gún àti òkúta mímú ló kún ibẹ̀, àmọ́ ó sàn fún mi ju kí n kọjá níwájú Losa lọ.

Etelina ni ẹ̀gbọ́n Losa. Abúlé bẹ̀rù rẹ̀ ju pásítọ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ sí wa níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́.

"Talaiti, o ti sanra."

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Aṣọ ibùsùn tí mo fún àbúrò mi nígbà ìgbéyàwó rẹ̀ nìyẹn, àbí ojú mi ló ń ṣe mí?"

Ó kọjú sí Hinalagi.

"Ìwọ ọmọ ilé Hetu, mo mọ páànù ilé yín tó wà lórí ilé ọkùnrin yìí. Ta ló fún un?"

Hinalagi ló dáhùn.

"Èmi ni, mà. Orí fóònù ni mo ti fún un."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí ara ìyàwó rẹ̀ ò yá."

"Háà." Etelina mi orí díẹ̀díẹ̀. "Àbúrò mi ò tíì kú. Ẹ ti ń bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù. O tún ń fún un ní páànù." Ó lọ láì dágbére.

Hinalagi fẹ́ bo ìtìjú mi, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ bò ó.

Kí ọjọ́ Sunday tó dé, ọ̀rọ̀ náà ti wọ Auckland. Manogi, tó ń gbé níbẹ̀, pè mí.

"Dádì, ṣé lóòótọ́ ni? Nígbà tí Mọ́mì ṣì wà láàyè?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló wá ṣe rí?"

Mo ní mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Mo pa fóònù.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí Hinalagi wà. Pásítọ̀ ti kéde pé a máa pàtẹ àwọn ìwé náà nínú gbọ̀ngàn abúlé lọ́jọ́bọ̀, kí olúkúlùkù wá wá orúkọ àwọn bàbá rẹ̀. Àwọn obìnrin ní àwọn ò ní fẹsẹ̀ kan ibi tí obìnrin yẹn bá wà.

"Mo máa bá bàálù ọjọ́ Jímọ̀ lọ," ni Hinalagi sọ fún mi. "Kí ẹ̀yin dúró ti ìwé. Tí mo bá ti lọ, ọ̀rọ̀ á kú."

"Mo lè sọ òótọ́."

"Kí lẹ fẹ́ rí gbà ńbẹ̀? Ibí lẹ máa gbé, ibí lẹ máa kú sí. Èmi ríbi lọ. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ, Bàbá Páànù." Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n má baà rí i.

Mo lọ sílé. Nínú ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀, èyí ló tì mí lójú jù: ọkàn mi fúyẹ́. Fún odindi ọjọ́ kan, inú mi dùn pé obìnrin tí mo fẹ́ràn máa gbé ẹ̀bi mi wọ bàálù.

Lọ́jọ́bọ̀, a to àwọn ìwé sórí tábìlì. Àwọn ọkùnrin wọlé. Bàbá àgbàlagbà kan rí orúkọ bàbá rẹ̀ láàárín àwọn tó lọ sógun. Ó na ìka sí i láì fọwọ́ kàn án, torí pé Hinalagi ti kìlọ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìka nínú afẹ́fẹ́. Ìta ni àwọn obìnrin wà, Etelina sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Hinalagi nìkan wà ní kọ̀rọ̀, ó ń tún aṣọ tábìlì tó ti dára tẹ́lẹ̀ ṣe. Mo wò ó. Mo dìde.

"Hinalagi ò fún mi ní páànù," ni mo wí. "Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí títí ó fi bá mi lórí òrùlé rẹ̀, tí mo ń jí òmíràn. Mo jí i ni. Ihò tí mo dá sílẹ̀ ni òjò gbà wọlé sórí àwọn ìwé yín. Ẹni tí kò bá rí orúkọ bàbá rẹ̀ lórí tábìlì yìí, èmi ni kó bi."

Pásítọ̀ ń wo àjà. Etelina rọra wọlé títí ó fi dé iwájú mi.

"Àbúrò mi ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

"Ó bi mí. Mo ní wọ́n fún mi ni."

"O parọ́ fún ẹni tó ń kú lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó tẹjú mọ́ mi títí mo fi ń retí kó gbá mi létí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi ni mo sùn tì í kẹ́yìn. Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ yẹn. Ẹ̀kán omi kan ò kàn án lára."

Ó yíjú sí ìta, ó ké sí àwọn obìnrin pé, "Kí lẹ dúró ń wò? Ẹ wọlé wá wo orúkọ àwọn ìyá yín." Ó wá rìn lọ bá Hinalagi, ó bi í pẹ̀lú ohùn kékeré pé ṣé òun lè fọwọ́ kan ojú ìwé kan.

Mo fi ipò díákónì sílẹ̀ kí a tó kúrò níbẹ̀. Pásítọ̀ ò bẹ̀ mí pé kí n má fi í sílẹ̀. Wọ́n to àwọn ìwé sínú kọ́bọ́ọ̀dù gbọ̀ngàn, níbi tí òrùlé ò ti jò. Àwọn tó bà jẹ́ kò lè padà mọ́.

Ní ìta, Hinalagi kọjú ìjà sí mi.

"Ta ló rán yín níṣẹ́? Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Auckland pé èmi ni mo fún yín. Ẹ ti sọ mí di òpùrọ́ lójú wọn."

"Mo mọ̀."

"Olè àti òpùrọ́! Ẹ wo àwọn tó ń tọ́jú ìwé abúlé."

"Hina, má lọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pè é bẹ́ẹ̀ lójú àwọn èèyàn.

"Mo gbọ́dọ̀ lọ. Irọ́ tí mo pa fún ẹ̀gbọ́n mi, ojúkojú ni mo máa jẹ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ àyè ṣì wà nínú bàálù, tí ẹ bá láyà láti bá mi dé ibẹ̀."

Mo pe Manogi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sunkún. Ó ní, "Dádì, ẹ ò bá ti sọ fún mi. À bá ti fi páànù ránṣẹ́." Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, iwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Losa, ni mo gbà jáde lọ wọ bàálù.

Manogi wá pàdé wa ní Auckland. Ó dì mọ́ mi. Kò sọ ohun tó pọ̀ fún Hinalagi, ṣùgbọ́n ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀.

Filitoni ni ẹ̀gbọ́n Hinalagi, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn. Ó jókòó sáàárín pálọ̀, ìdílé rẹ̀ yí i ká. Mo jókòó sílẹ̀, mo sì gbé ojú ìwé kan tí bàbá bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ síwájú rẹ̀, nínú aṣọ funfun. Kò ṣí i.

"Ìwọ lo ká páànù ilé bàbá bàbá wa?"

"Èmi ni, sà."

"O sì jẹ́ kí òjò wọ àpótí ìwé wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n tún wá ní o fẹ́ gbé àbúrò mi."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná, wọ́n sì pa á lẹ́nu mọ́.

"Mo fẹ́ ẹ, sà," ni mo wí. "Àmọ́ mi ò ní gbé e. Mo wá tọrọ rẹ̀ ni."

Bàbá náà wò mí pẹ́. Ó wo àbúrò rẹ̀ tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó ká apá mọ́ àyà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn án.

"Dìde nílẹ̀," ni ó wí fún mi. "Òtútù ibí kì í ṣe ti Niue. Àga wà."

Hinalagi ló gbé e wá.