Àtẹ̀gùn Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

"Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí, ẹ má kọ ohun tí ẹ rò pé mo fẹ́ rí. Ẹni tó bá kọ òtítọ́ sínú ìwé yìí, èmi fúnra mi ni n ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tí yóò lé e jáde nínú ilé yìí níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà lórí àga."

Ọ̀gá Àgbà iléeṣẹ́ omi ló sọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ tó gba àga, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, lójú mi. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Bàbá mi gé ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn iléeṣẹ́, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìwọ̀n.

Iṣẹ́ bàbá mi ni láti máa ka ìwọ̀n adágún tí gbogbo ìlú ń mu. Etí adágún náà gan-an ni ilé tí iléeṣẹ́ fún wa wà: yàrá méjì, ilé ìdáná kan, àti fèrèsé kan tó kọjú sí omi. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ni ìṣó tí ìyá mi máa ń fi àpò rẹ̀ kọ́ wà, kí ó tó kú. Láti ẹnu ọ̀nà wa, àtẹ̀gùn òkúta ogójì sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú adágún. Ọ̀pá irin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nọ́ńbà kan fún àtẹ̀gùn kan. Bí adágún bá kún, omi a dé ogójì. Níbi nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n fa ìlà pupa kan. Òfin sọ pé bí omi bá ti lọ sísàlẹ̀ ìlà yẹn, kí wọ́n kéde rẹ̀ fún aráàlú, kí wọ́n sì kọ́kọ́ ti páìpù ńlá tó ń gbé omi lọ sí iléeṣẹ́ ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, kí èyí tó kù lè tó fún àwọn ilé àti ilé ìwòsàn.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò pẹ́ tí kò fi rí ju òjìji lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ríran kò lè ka ìwọ̀n, ẹni tí kò sì ka ìwọ̀n kò lè gbé inú ilé náà. Nítorí náà, láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi ni mo ń sọ̀ kalẹ̀. Òun a jókòó sí òkè pátápátá pẹ̀lú ìwé lórí itan rẹ̀, a sì máa gbọ́ bí bàtà mi ti ń dún lórí òkúta.

"Má kánjú," a máa wí. "Jẹ́ kí omi sinmi. Bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ yóò fi bá ojú omi dọ́gba. Ibi tí omi dúró sí ni kí o kà, má ka ibi tó ń ta sí."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń kà á. Mo máa ń ké nọ́ńbà náà sókè sí i, mo máa ń gùn padà, mo sì máa ń gbé ìka rẹ̀ lé orí ìlà. Òun a kọ ọ́, a fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ìwé náà ní: ọ̀kan fún iléeṣẹ́, ọ̀kan fún ìgbìmọ̀ ìlú, ọ̀kan fún ilé ìwòsàn. Tó bá ti pa ìwé dé, a bi mí ní ìbéèrè kan náà:

"Ojú mi, báwo ni omi ṣe rí?"

Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí ojú tirẹ̀ ti lọ.

"Ó pa lọ́lọ́, bàbá. Ẹyẹ funfun méjì wà lórí rẹ̀. Òjìji ilé wa wà nínú rẹ̀."

Òun a sì rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n ka lẹ́tà ọ̀rẹ́ tó jìnnà fún.

Ní sáà tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ń kọ́ wa. "Òtítọ́," ló wí, "ni ọ̀rọ̀ tó bá ohun tó wà mu."

Ọ̀kan nínú wa, tí a ń pè ní Agbẹjọ́rò nítorí pé ó lè bá ògiri jiyàn, dìde. "Sà, tí mo bá wá sọ pé mo ti ṣe iṣẹ́ àmúrelé mi ńkọ́?"

"Ìyẹn bá ìtìjú mu. Jókòó."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo nawọ́ sókè. "Sà, bí ohun tí wọ́n kọ bá jẹ́ òtítọ́, àmọ́ tí ẹni tó fọwọ́ sí i kò fojú ara rẹ̀ rí i ńkọ́?"

Ó wò mí pẹ́. "Nígbà náà, òtítọ́ kan àti irọ́ kan ló jọ ń gbé ojú ewé kan náà. Wọn kì í jọ gbé pẹ́."

Lọ́dún yẹn, òjò kẹ̀yìn sí wa. Nọ́ńbà ń já wálẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ogún, méjìdínlógún, mẹ́rìndínlógún. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ wá.

"Bàbá Olómi, ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó, sà."

"Mẹ́rìndínlógún lẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òjò ti fẹ́ dé. Mo rò pé nọ́ńbà yẹn ò ní yí padà lọ́jọ́ Ajé."

"Omi ló máa sọ, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Omi kì í di bírò mú, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ̀ ń dì í mú." Ó fa bírò tuntun kan yọ nínú àpò, ó nà án sí i. Bàbá mi na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bírò náà, ó di afẹ́fẹ́ mú.

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọwọ́ náà.

"Ojú yín ńkọ́?"

"Ó ń ṣe dáadáa, sà. Oòrùn ló wọ̀ mí lójú."

Kò sí oòrùn nínú yàrá náà.

Mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ lò ń kà á." Kì í ṣe ìbéèrè. Ó mú ìwé kan jáde: ìwé ìgbaniwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí iléeṣẹ́ yóò sanwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ti fọwọ́ sí i. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ti wọ̀ mí lọ́kàn débi pé, nígbà tí mo bá ń ka ìwé lẹ́bàá fèrèsé, mo máa ń lá àlá rẹ̀ láìsùn: mo wọ aṣọ funfun, mo ń gbé ìgò dígí sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Sọ mẹ́rìndínlógún," ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Bàbá rẹ á kọ mẹ́rìndínlógún. Òun ò purọ́, torí kò mọ̀. Ìwọ náà ò kọ nǹkan kan. Ta ló wá purọ́?"

Ó dá ìwé náà padà sínú àpò, ó wọ ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, àǹtí mi, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ onídìrí, wá dirun fún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà," ló wí, "owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Sọ nọ́ńbà tí wọ́n fẹ́, kí o lọ kàwé rẹ."

"Ilé ìwòsàn ńkọ́, Àǹtí?"

"Ilé ìwòsàn ní ọ̀gá tiẹ̀. Ìwọ ní bàbá tí kò ríran. Dá orí dúró jàre, o fẹ́ kí n pààlà wọ́gọwọ̀gọ sí ọ lórí?" Ó fa orí mi padà. "Má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n mi lè fi àdúrà bó mi láwọ."

Òótọ́ ni. Bàbá mi kì í jí láìgbàdúrà, gbólóhùn kan náà ló sì fi ń parí rẹ̀: "Ìwọ tó ń rí mi nígbà tí n kò rí ara mi." Mo gbọ́ ọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, láti inú yàrá kejì, mo sì fi ìrọ̀rí bo etí.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹrẹ̀ ṣì tutù lórí àtẹ̀gùn méjì tí omi bò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo jẹ́ kí omi sinmi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́rìnlá. Mo gbójú sókè. Bàbá mi jókòó ní òkè, ó kọ etí sí mi.

"Mẹ́rìndínlógún!" mo ké.

Mo gùn padà, mo gbé ìka rẹ̀ lé orí ìlà. Kò kọ nǹkan kan.

"Ojú mi, báwo ni omi ṣe rí?"

Kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí kó tó kọ̀wé.

"Ó pa lọ́lọ́, bàbá."

"Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni bàtà rẹ dún lé lórí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́rìnlélógún ni."

Mo jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Láti ọdún méjì ni mo ti ń kà á," ó wí. "Kì í ṣe pé n kò fọkàn tán ọ. Mo kàn fẹ́ máa bá ọ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo omi ni."

Mo sunkún, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò bá mi wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ," ó wí. "Ìgbà tí mo sọ pé oòrùn ló wọ̀ mí lójú, ṣebí o wà níbẹ̀." Ó wá ọwọ́ mi, ó fi bírò sí i. "Kọ mẹ́rìnlá. Fi orúkọ ara rẹ sí i. Nísàlẹ̀ rẹ̀, kọ pé ó di ọdún méjì tí n kò ti ríran mọ́, àti pé ìwọ lò ń kà á."

"Bàbá, wọ́n á lé wa."

"Ka ojú ewé àkọ́kọ́ fún mi."

Mo ka ìlérí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó mi orí. Òun gba ìlérí náà gbọ́. Èmi kò gbà á gbọ́, àmọ́ mo kọ ọ́, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi gbé ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìgbìmọ̀ ìlú ti kéde. Wọ́n ti páìpù iléeṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀sẹ̀ méje kọjá kí òjò tó rọ̀, omi sì já dé mẹ́jọ. Ẹ̀rọ omi ilé ìwòsàn kò gbẹ fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo gbé ìwé náà lọ, lẹ́tà dé bàbá mi: wọ́n ní ó tan iléeṣẹ́ jẹ fún ọdún méjì. Ẹ̀rí wọn ni gbólóhùn tí èmi fúnra mi kọ. Wọ́n yẹ ìwọ̀n mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún tí mo ti kà wò, wọn kò sì rí ọ̀kan tó ṣìnà. "Mo fẹ́ràn òtítọ́," ni Ọ̀gá Àgbà wí níwájú ìgbìmọ̀, "ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fojú fo irọ́." Ìwé ìgbaniwọlé yẹn lọ sọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́rin kọjá kí n tó rí ilé ẹ̀kọ́ gíga wọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má ṣe sọ òtítọ́ nítorí pé alágbára ṣèlérí ààbò fún yín. Ẹ sọ ọ́ nítorí ẹni tó máa mu omi. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún irọ́ kékeré tí ẹ fi bo ara yín lójú ọ̀nà: òun ni alágbára yóò gbé dìde lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ òtítọ́ ńlá.

Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ni a kó lọ. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Títí di òní, láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, bàbá mi a jí ṣáájú mi, a jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Ojú mi, báwo ni omi ṣe rí?"

Mo máa ń ṣí ẹ̀rọ omi, mo máa ń fa ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. "Ó ń ṣàn, bàbá." Òun a fi ọwọ́ síbẹ̀ títí yóò fi tutù.

Ọ̀gá Àgbà ṣì wà lórí àga. Ó ní ẹni tó bá kọ òtítọ́ sínú ìwé náà, kò sẹ́ni tí yóò lé e jáde nínú ilé náà. A kọ ọ́ ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n lé wa jáde.