Mọ̀dínátù Fẹ́ Pọ́n Ọmọ Rẹ̀ Lé

Mọ̀dínátù onídìrí ń di ṣùkú fún Cecilia, ìyá Olúdayọ̀, aládùúgbò rẹ̀ ní Ìdímù ní Alimọ́ṣọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú irun. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sọ Zikrullah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sẹ́wọ̀n ọdún méjì nítorí fóònù tó jí.

"Ọ̀la ni mò ń lọ wò ó," ló wí. "Wọ́n ní ọ̀gá tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tuntun fẹ́ bi mí nípa ẹ̀. Màá ní ó jáde ìwé mẹ́wàá, kò sì fọwọ́ kan oògùn tírámádọ̀ rí."

"Yéè, orí mi!" Cecilia kígbe. "Rọra fà á, jàre! Zikrullah tí ò lè ka orúkọ ara ẹ̀?"

"Ẹ má pariwo, Màmá Olúdayọ̀. Àṣírí ọmọ ẹni là ń bò. Ṣé kí n lọ fẹnu ara mi bà á jẹ́, kí wọ́n fi kún ẹ̀wọ̀n ẹ̀ ni?"

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Cecilia fi ṣe wọ́dà kó tó fẹ̀yìn tì.

"Adájọ́ ló ń dá ẹ̀wọ̀n," ó ní. "Èyí kì í ṣe ẹjọ́. Wọ́n á wo ọjọ́ orí ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀, bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ìwé tó kà, iṣẹ́ tó mọ̀ àti ìlera ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ irú èèyàn tó yẹ kó bá gbé, ohun tó yẹ kó kọ́ àti ìtọ́jú tó yẹ kó gbà. Àyè ò sì pọ̀. Tó o bá ní ó ti kàwé, ẹlòmíì ni wọ́n máa fi sí kíláàsì. Tó o bá ní kò lo tírámádọ̀, ta ló máa ràn án lọ́wọ́ kó lè jáwọ́ ńbẹ̀?"

Ọwọ́ Mọ̀dínátù dúró. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ojú ló ń tì mí, mà."

"Mo mọ̀, àbúrò mi. Àmọ́ ṣé a máa ń fi àrùn pamọ́ fún dọ́kítà?"

Lọ́jọ́ kejì, Mọ̀dínátù sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá náà ní, "Ohun tí Zikrullah náà sọ gẹ́lẹ́ nìyí, mà." Wọ́n fi ọmọ náà sí kíláàsì ìkàwé, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún.

Ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn náà, Mọ̀dínátù tún lọ wò ó. Ó ní òòyì ń kọ́ òun, ó bá tú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ létí ìró. Zikrullah gba páálí rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ohun tí wọ́n kọ sí i, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń lò ó lójúmọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣebí ohun tó dáa kì í pọ̀ jù?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ síbí, mà."

Mọ̀dínátù bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ purọ́ pé ó kàwé ló wá ń kàwé fún un yìí.

Ẹ̀yin ará Alimọ́ṣọ́, tí èèyàn yín bá wà lẹ́wọ̀n, ẹ má pa á tì. Tí wọ́n bá bi yín nípa rẹ̀, ẹ sọ bó ṣe rí, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á ti tún un ṣe. Àtẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ka ara páálí oògùn fún yín o.